Tútù: Kí Ló Pa Òtútù àti Omi Pọ̀?

Ẹ dé ọjà Tejúoṣó ní Yaba, ẹ ó gbọ́ "omi tútù", "ẹja tútù", "ẹ̀fọ́ tútù". Ẹ dé ilé, màmá á ní kí ẹ bọ́ aṣọ tútù yẹn kúrò lára. Ẹni tí kì í bínú, oníwà tútù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Àwọn kan nínú àwa tó ń ka sáyẹ́ǹsì máa ń sọ pé ibí yìí gan-an ni Yorùbá ti kù díẹ̀ káàtó: Gẹ̀ẹ́sì ya "cold" sọ́tọ̀ kúrò lára "wet", àwa ò yà á.

Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò ná. Nínú "omi yìí tutù", ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Tó bá di ẹ̀yán, ohùn àkọ́kọ́ á ròkè: omi tútù. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe sún mọ́ "ó tù mí lára", ìtura, àti ètùtù tí wọ́n fi ń tu òrìṣà lójú. Ohun tó gbóná ló ń rọlẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Omi náà sì mọ iṣẹ́ yẹn ṣe. Kí gíráàmù omi kan tó fẹ́ lọ lára aṣọ, ó máa gba ooru tó tó 2,400 joule. Ìdí nìyẹn tí omi inú amù fi máa ń tutù láìsí fíríìjì.

Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé awọ ara wa ní ohun tó fi ń mọ òtútù, ó ní èyí tó fi ń mọ ìfọwọ́kàn, àmọ́ kò ní èyí tó fi ń mọ omi rárá. Aáyán ní tiẹ̀ o! Ọpọlọ wa ló ń pa òtútù pọ̀ mọ́ ìfọwọ́kàn, tó wá ń sọ pé, "omi nìyí." Ní 2013, Davide Filingeri àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Loughborough, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi nǹkan gbígbẹ tó tutù kan awọ àwọn èèyàn, wọ́n sì rò pé omi ló kan àwọn.

Nítorí náà, ibi tí awọ ara kò ti rí ìyàtọ̀ ni Yorùbá ti lo ọ̀rọ̀ kan. Àkíyèsí gidi nìyẹn, kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó ń sá aṣọ ní Mushin lóṣù keje, tí ẹ kì í mọ̀ nírọ̀lẹ́ bóyá jíìnsì yẹn ti gbẹ, ẹ dì í mú díẹ̀. Tó bá tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti gbẹ. Tó bá ṣì ń tutù, omi ṣì wà níbẹ̀: ẹ dá a padà sórí okùn.