Ẹsẹ̀ Tí Jẹjẹrẹ Wọ̀: Ṣé Dandan Ni Kí Wọ́n Gé E?

Ní Tyrrelstown, ní ìwọ̀-oòrùn Dublin, ilé Yorùbá tó bá ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í sábà ṣaláìní Aboniki tàbí Robb. Orúnkún ń ro ọmọ, ìyá fi Aboniki pa á, ó di ọjọ́ kejì, ọmọ ti tún wà lórí pápá. Àmọ́ ìrora kan wà tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló gbé e wá, tí ìpara kankan ò sì lè lé e lọ: èyí tó ń jí ọmọ lóru, tó ń le sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ojú ibẹ̀ sì ń wú díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ eegun ni.

Kò wọ́pọ̀. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú eegun, iṣan tàbí ọ̀rá, tí àwọn dókítà ń pè ní sarcoma, kò ju nǹkan bí 1 lọ nínú 100 jẹjẹrẹ tó ń mú àgbàlagbà. Ti ọmọdé pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Osteosarcoma, tó ń mú eegun, máa ń kọlu àwọn ọ̀dọ́ tó ń yára ga, ìtòsí orúnkún ló sì sábà máa ń bà sí, níbi tí eegun ti ń gùn jù. Abájọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń dàrú mọ́ ti bọ́ọ̀lù.

Àwọn ará Tyrrelstown sún mọ́ ìrànlọ́wọ́ ju bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe rò lọ. Ní Finglas, tí kò jìnnà sí wọn rárá, ni ilé ìwòsàn eegun ti Cappagh wà. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà, Sisters of Charity, ló dá a sílẹ̀ ní 1908 fún àwọn ọmọ tó ń gbàtọ́jú. Láyé ìgbà kan, ọmọ tí ikọ́ ife wọ inú eegun wọn ló kún ibẹ̀, wọn a tẹ́ wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbalasa kí atẹ́gùn àti oòrùn lè fẹ́ sí wọn. Lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń darí jẹjẹrẹ eegun sí láti káàkiri Ireland. Kókó inú iṣan àti ọ̀rá ń lọ sí St Vincent's, àwọn ọmọdé sì ń gba oògùn kẹ́mò ní Crumlin. Ìdí tí wọ́n fi kó irú kókó kọ̀ọ̀kan jọ sójú kan kò ṣòro: oníṣẹ́ abẹ tó ń rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè mọ̀ ọ́n ṣe bí ẹni tó ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtọ́jú yìí kéré lójú: abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò. Wọ́n á kọ́kọ́ ya X-ray, wọ́n á ya MRI, lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ á wọlé. Ojú ibi tó gbà wọlé kì í ṣe ibi tó bá ṣáà rọrùn. Orí ìlà tí abẹ máa tọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an ni, torí pé jẹjẹrẹ lè ta sí ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé ojú ọ̀nà yẹn dànù pẹ̀lú kókó. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rá lásán ni, tó gbé abẹ kékeré, tó là á wò, lè tú jẹjẹrẹ ká sí gbogbo itan. Ẹsẹ̀ tí wọn ì bá dá sí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, oníṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ fojú kan kókó náà rárá. Ó máa gbé e jáde bí àgbẹ̀ ṣe ń gbé iṣu tòun ti erùpẹ̀ tó yí i ká, kí ọkọ́ má bàa ṣá a lára. Ẹran tó dára ni erùpẹ̀ yẹn.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀rọ̀ ò rí báyìí. Terry Fox, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà, jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún ní 1977 nítorí osteosarcoma. Ní 1980, ó fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré fún ọjọ́ 143, kìlómítà 5,373, láti fi wá owó ìwádìí jẹjẹrẹ, kí àrùn náà tó yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú ní June 1981, ọmọ ọdún 22. Kí kẹ́mò tó dé, gígé ẹsẹ̀ nìkan kì í gba ju nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún là, torí pé àrùn ti máa ń dé ẹ̀dọ̀fóró kí abẹ tó dé ẹsẹ̀. Nísinsìnyí, wọ́n ń fún aláìsàn ní kẹ́mò ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá tíì tàn, bí ẹni mẹ́fà sí méje nínú mẹ́wàá ló ń rù ú là ní àwọn ilẹ̀ tí ìtọ́jú pé sí, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn.

Kí ni wọ́n wá ń fi dí àyè eegun tí wọ́n yọ? Irin ló wọ́pọ̀ jù. Ní 1940, ní South Carolina, Austin Moore àti Harold Bohlman fi irin rọ́pò apá òkè eegun itan ọkùnrin kan tí kókó ti bà jẹ́. Irin òde òní ń bá ọmọ dàgbà: wọ́n á ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ inú òrùka onímágínẹ́ẹ̀tì, mọ́tò kékeré inú irin náà á máa yí, irin á sì fi mìlímítà kan gùn ní bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, láìsí abẹ, láìsí ẹ̀jẹ̀. Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí o. Irin lè tú, kòkòrò àìsàn lè wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ní Kanazawa, ní Japan, wọ́n dá ọgbọ́n mìíràn láti 1999: wọ́n ń yọ eegun tó ní àrùn, wọ́n ń rì í sínú nitrogen olómi tó tutù dé -196°C fún ìṣẹ́jú 20 kí jẹjẹrẹ inú rẹ̀ kú, wọ́n á sì dá eegun aláìsàn fúnra rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí dára fún ilẹ̀ tí owó irin ga jù fún. Àwọn mìíràn ń mú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ amúnǹkantóbi rán an mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ibòmíràn kó lè máa wà láàyè.

Èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti yíyí ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Borggreve, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ló ṣe é ní 1927 fún ọmọ tí ikọ́ ife ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, Salzer ní Vienna mú un wọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Wọ́n á yọ orúnkún kúrò pátápátá, wọ́n á gbé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á yí i kí gìgísẹ̀ kọjú síwájú, ọrùn ẹsẹ̀ á wá máa ṣe iṣẹ́ orúnkún nínú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ojú kì í kọ́kọ́ gbà á. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bá ṣe é fún lè sáré, ó lè gbá bọ́ọ̀lù, nígbà tí wọ́n ń kìlọ̀ fún oní-irin pé kó ṣọ́ra.

Ní Nàìjíríà, àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ yìí wà, ní ilé ìwòsàn eegun ti Igbobi ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, àti ní UCH Ìbàdàn. Pípẹ́ ló ń ba nǹkan jẹ́. Owó ò sí, ọmọ sì ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun, tí wọ́n ti fọwọ́ ra kókó náà títí. Nígbà tí yóò fi dé ilé ìwòsàn, ó ti bẹ́, ó ti wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni gígé ti ń di dandan, tí aládùúgbò á sì máa sọ pé àwọn dókítà ò mọ̀ ju gígé lọ. Irọ́ ni.

Torí náà, ẹ̀yin òbí ní Tyrrelstown, bí ará ilé bá ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ẹ gbé ọmọ wálé nítorí bàbá kan tó mọ̀ nípa eegun, ẹ dákun, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kókó tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tó ń tóbi, tàbí ìrora eegun tó ń jí ọmọ lóru, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á. Ẹ gbé e lọ bá GP, kí ẹ sì ní kó kọ X-ray lọ́jọ́ yẹn gan-an.