Ọjọ́ Kejì Iléyá Létí Omi Agodi

Kò pẹ́ tí a kúrò ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, tí ọkọ̀ kò fi lọ mọ́. Máíkírà tò tẹ̀lé ara wọn títí dé ẹnu ọ̀nà Ọgbà Agodi, àwọn èrò sì ti ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Àwa náà sọ̀kalẹ̀. Ọkọ mi gbé kúlà ìrẹsì, èmi ká ẹní sábẹ́ abíyá, ìyá ọkọ mi fa àwọn ọmọ méjèèjì lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì Iléyá ni.

Òjò ti rọ̀ lóru, ṣùgbọ́n oòrùn ti mú, ooru sì ń jáde nínú ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Orí ìlà ni a ti mọ ohun tí oníkálukú sè nílé: ẹran àgbò díndín, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì tó jóná nídìí, èéfín oníṣúyà sì dà pọ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ kan ń sunkún nítorí bàtà tuntun tó ń ha á lẹ́sẹ̀. Fújì ń dún kíkankíkan. Àwọn oníyàwòrán kò jẹ́ ká gbádùn: "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ya àwọn ọmọ yìí, kíá ni!" A sanwó, a wọlé.

Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ gba abẹ́ igi, ariwo ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn wa, títí adágún fi yọ sí wa, tó tẹ́ rẹrẹ, tó pọ́n díẹ̀ nítorí òjò òru, tí òṣíbàtà wà létí rẹ̀, tí lámilámi sì ń fò lókè rẹ̀.

"Ṣé a lè wọ inú ẹ̀?" ni àbígbẹ̀yìn mi kọ́kọ́ béèrè.

Rárá. Púùlù wà lọ́tọ̀ fún ìlúwẹ̀ẹ́.

Ibi tó ti fẹ́ máa sunkún ni lékeléke kan ti bà sétí omi. Kíá, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na èékánná sókè, wọ́n ń bẹ ẹyẹ náà kó fún àwọn ní funfun. Àwọn ọmọ tí a kò mọ̀ rí sáré wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Lékeléke kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Síbẹ̀, gbogbo wọn ló ń yẹ èékánná wọn wò.

Ìyá ọkọ mi kò tíì jókòó.

"Ògùnpa náà nìyí?" ni wọ́n bi wá.

Odò náà ni. Inú ọgbà yìí ló ń ṣàn gbà. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, fún igi àti ẹranko. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa ya wọ ìgboro, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ó wó ilé, ó sì ba ọgbà náà jẹ́. Lásìkò Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí ni wọ́n tó tún un ṣe. Ìyá ọkọ mi wà ní Ìbàdàn lọ́dún tí omi náà ya. Wọn kò sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kàn pe àbígbẹ̀yìn mi, wọ́n so ìborùn wọn mọ́ ọn ní ìbàdí, wọ́n sì di etí kejì mú.

A lọ wo ẹranko. Ògòǹgò, ọba ẹyẹ, kẹ̀yìn sí wa. Ọ̀bọ kan jókòó, ó ń wo àwọn tó wá wò ó.

Nígbà tí a fi máa padà sétí omi, koríko ti kún fún ẹní débi pé orí ẹní ẹlòmíràn ni èèyàn ń tẹ̀ kọjá, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" lẹ́nu. Àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bu sobo fún wa, a bu ẹran fún wọn. Ọkọ mi sùn. Àwọn ọmọ rí ibi tí omi òjò dúró sí, wọ́n sì wà nínú ẹrẹ̀ yẹn pẹ́ ju ibikíbi lọ.

Òjò ṣú ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní.

Bí ẹ bá ń lọ lọ́jọ́ ọdún, ẹ tètè jáde nílé, ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, kí àgbà kan má sì ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó máa ṣọ́ ọmọ létí omi.