Ẹnìtàn, Ọmọ Tí Irọ́ Àgbà Là Lójú

Everything Good Will Come ni ìwé ìtàn àròsọ tí Sefi Atta, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1964, kọ. Ó jáde ní 2005. Ìtàn Ẹnìtàn Taiwo ni, ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́dún tí Nàìjíríà gbòmìnira, tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àgbà sì ń yìnrìn díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń dàgbà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n pín ìwé náà sí: 1971, 1975, 1985 àti 1995. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nínú gbogbo wọn.

Ní 1971, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ẹnìtàn, ní Ìkòyí, lẹ́bàá ọ̀sà. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ìyá rẹ̀ sá di. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ikú náà sì di ìjà láàárín tọkọtaya. Bẹ́ẹ̀, àrùn yìí kì í mú ọmọ àfi tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá pọ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń fà lọ́tùn-ún fà lósì. Kò sí ẹni tó ń sọ òótọ́ fún un, kò sì gbọdọ̀ béèrè.

Ọ̀rẹ́ ló kọ́kọ́ là á lójú: Sheri Bakare, ọmọ Alhaji kan ní ilé kejì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ní 1975, níbi ìgbafẹ́ kan nínú ọgbà Ìkòyí, àwọn ọmọkùnrin fipá bá Sheri lò pọ̀. Ó lóyún, ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ, ó sì di èrò ilé ìwòsàn. Sheri ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹnìtàn pàápàá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tí kò gbọ́ràn ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Dípò kí ìyá Ẹnìtàn gbá a mọ́ra, ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ́ ọ lọ fún ìwẹ̀nùmọ́. Bàbá rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwé ní Ìlú Ọba. Apá yìí ló wúwo jù nínú ìwé náà, òun náà ló sì dára jù.

Àwọn tó mọ ìwé The Catcher in the Rye tí J. D. Salinger ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1951 yóò rántí Holden Caulfield. Àbúrò tòun náà kú, àìṣòótọ́ àgbà sì sú òun náà. Ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni Holden rìn kiri ìlú New York. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìtàn Ẹnìtàn gbà.

Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ àgbà kò bá ṣẹ lówùúrọ̀, yóò ṣẹ lálẹ́. Ẹnìtàn dúró dé alẹ́. Ó kàwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé, ó sì rí i pé bàbá tí òun ń gbè lẹ́yìn láti kékeré ní ọmọkùnrin kan níta tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Ìyá tó kà sí aláṣejù ti ní ìdí fún ìbínú rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ológun ti bàbá náà mọ́lé ní 1995, Ẹnìtàn kò fi í sílẹ̀. Òun náà sun àtìmọ́lé mọ́jú. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n ló wá di iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ilé ọkọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ilé ọlọ́lá Ìkòyí jìnnà sí ilé ọ̀pọ̀ òǹkàwé, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ní kó dákẹ́ wà níbi gbogbo. Ìwé náà gba Ẹ̀bùn Wole Soyinka fún lítíréṣọ̀ Áfíríkà ní 2006. Kí òbí tó gbé e fún ọmọ, kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ka apá ti 1975.