Owó Ilé àti Ilẹ̀ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀: Bí A Ti Ń Ṣírò Rẹ̀ àti Ọ̀nà tí Onílé Fi Lè Béèrè Ẹ̀tọ́ Rẹ̀

Ní ọdọọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń pín ìwé owó ilé àti ilẹ̀ káàkiri àwọn àdúgbò Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, láti Máfolúkú títí dé Ṣógúnlé, láti Òkótà títí dé Èjìgbò. Land Use Charge ni orúkọ tí òfin pe owó náà. Bí ìwé náà bá dé, àwọn onílé kan a gbé e sí abẹ́ ẹní, wọn a sì ṣe bí ẹni pé kò dé. Àwọn mìíràn a sáré lọ san án láì kà á. Ìwà méjèèjì kò mú ọgbọ́n wá. Ẹni tí ó fi ìwé náà pamọ́ ń fi gbèsè jọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò sì kà á kí ó tó sanwó lè máa san ju èyí tí òfin bù fún un lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ilé kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní ọdún 1895, nígbà tí ìjọba àwọn Òyìnbó fẹ́ gba owó lórí ilé àti ilẹ̀, àwọn ará Èkó kọ̀ jálẹ̀, a sì pa ìmọ̀ náà tì. Ní ọdún 1908, ọ̀rọ̀ owó omi tún dá ìjà sílẹ̀, òun ni ó sì mú kí Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ara ìlú kì í kọ owó tí ó yé e; èyí tí a kò ṣàlàyé fún un ni ó máa ń bí i nínú.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi dídíye lé ilé àwọn ará ìlú, nítorí owó tí a ó gbà lórí wọn, sí ara iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀. Ní ọdún 2001, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin kan tí ó kó owó oríṣiríṣi tí onílé ń san pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Ìjọba Ìbílẹ̀ ni òfin náà yàn láti gba owó yìí, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n láàyè láti fi ìwé àdéhùn gbé iṣẹ́ náà lé Ìjọba Ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 2018 ni a ṣe òfin mìíràn tí ó sọ owó náà di púpọ̀. Ariwo sọ ní ìgboro, àwọn agbẹjọ́rò ti Ikeja sì jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Nínú oṣù Kẹta ọdún náà, Gómìnà Akinwunmi Ambode dín owó náà kù. Ní ọdún 2020, nígbà ìjọba Gómìnà Babajide Sanwo-Olu, a tún òfin náà ṣe, a sì dá òṣùwọ̀n owó padà sí bí ó ti rí kí ọdún 2018 tó dé.

Ohun mẹ́rin ni àwọn tí ń ṣírò máa ń wò. Èkíní ni bí ilẹ̀ ti tóbi tó àti iye tí ilẹ̀ ń lọ ní àdúgbò náà. Èkejì ni bí ilé tí a kọ́ sórí rẹ̀ ti tóbi tó, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè bí ó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àti iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó. Ẹ̀kẹta ni ipò tí ilé náà wà, bí ó ti dára tó àti bí a bá ti parí rẹ̀ tàbí a kò tíì parí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí a ń fi ilé náà ṣe. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó yẹ kí onílé ṣọ́ jù lọ.

Gẹ́gẹ́ bí Ìjọba ti kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ilé tí onílé nìkan ń gbé pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ ń san ìdá 0.0394 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé náà. Ilé tí onílé àti àwọn ayálégbé jọ ń gbé ń san ìdá 0.132. Ilé tí ayálégbé nìkan ń gbé, tí onílé kò sí níbẹ̀, ń san ìdá 0.394, gẹ́gẹ́ bí ilé ìtajà ti ń san. Kí a tó ṣírò wọ̀nyí, a máa ń kọ́kọ́ yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún gbogbo onílé gẹ́gẹ́ bí ìdínkù.

Bí a bá mú ilé kan ní Ìsọlọ̀ tí a díye lé ní mílíọ̀nù 20 náírà, bí a bá yọ ìdínkù náà, yóò ku mílíọ̀nù 12. Bí onílé nìkan bá ń gbé ibẹ̀, owó rẹ̀ yóò jẹ́ 4,728 náírà. Bí òun àti ayálégbé bá jọ ń gbé e, yóò jẹ́ 15,840 náírà. Bí a bá kọ ọ́ pé onílé kò sí níbẹ̀, yóò di 47,280 náírà. Ilé kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé sọ owó náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, kí onílé wo ibi tí a kọ ìlò ilé sí kí ó tó wo iye owó rárá.

Àwọn kan wà tí òfin yọ̀ǹda fún pátápátá. Lára wọn ni ilé ìjọsìn tí a kò fi pa owó, itẹ́ òkú gbogbo ìlú, ilé ìkàwé gbogbo ìlú, àti ààfin àwọn ọba tí Ìjọba mọ̀. Òfin ọdún 2020 sì yọ̀ǹda fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìbáà ṣe iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n ṣe, àti ẹni tí ó ti pé ọmọ 60 ọdún tí kò sì ṣe iṣẹ́ tàbí òwò kankan tí ń mú owó wá mọ́. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá àgbà ni ẹ̀tọ́ yìí tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìwé owó kò mọ ọjọ́ orí ẹni. Àgbà tí kò bá fi ẹ̀rí hàn, bí gbogbo ènìyàn ni a ó ti kà á.

Bí ìwé bá dé tí nǹkan kan kò bá tọ́ níbẹ̀, kí onílé má ṣe bá ẹni tí ó mú un wá jà. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́. Kí ó kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tí ìwé náà dé sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ni òfin ń kà. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí ń bójú tó owó yìí ní Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná ti Ìpínlẹ̀, ní Alausa ní Ikeja, kí ó sọ ohun tí kò tọ́ ní pàtó. Bí ìwọ̀n ilé ni, kí ó fi àwòrán ilé tàbí àwòrán ilẹ̀ tí sọ̀fẹ́yọ̀ yà sí i. Bí ìlò ilé ni, kí ó kọ orúkọ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Bí ìfẹ̀yìntì ni, kí ó fi ìwé ìfẹ̀yìntì àti ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ sí i. Ẹ̀dà ni kí ó fi ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà lẹ́tà tirẹ̀. Bí èsì kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òfin ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ìdíyelé kò tẹ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìrànlọ́wọ́ kò jìnnà. Àwọn ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti ti ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ ní Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ni a ti lè kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà. Ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ yàn fún ará ìlú, tí a ń pè ní OPD. Wọn kì í gba owó. Ní ti ilé bàbá tí àwọn ọmọ jọ jogún, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò san owó, ilé ìlàjà ti Ìjọba tí a ń pè ní CMC lè bá wọn parí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rántí pé ìwé owó kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Pé ẹnì kan ń san owó ilé kò sọ ọ́ di onílé nìkan.

Ní ti ẹni tí ìwé rẹ̀ bá tọ́, kí ó má fi owó náà falẹ̀. Ìdínkù wà fún ẹni tí ó bá tètè san án, ìyà sì wà fún ẹni tí ó bá pẹ́. Ọjọ́ méjèèjì wà nínú ìwé náà. Báǹkì ni kí ó san án sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá kanlẹ̀kùn, kí ó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó rẹ̀ dáadáa.

Ó kù sí ọwọ́ àwọn tí ó mọ̀wé ní àdúgbò. Bí àgbà kan nínú ilé bá ní irú ìwé yìí lábẹ́ ẹní, kí ọmọ tàbí aládùúgbò rẹ̀ bá a mú un jáde, kí ó kà á sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kí ó sì bá a kọ lẹ́tà bí ó bá yẹ. Wákàtí kan péré ni yóò gbà, ó sì lè gba àgbà náà lọ́wọ́ gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀.