Àgádágodo Tí Ń Sọ Ibi Tí Ẹrù Wa Dé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ifọ̀, Mowe, Ibafo àti agbègbè wọn, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ ẹrù tí ń dín lójú ọ̀nà ni a ó jọ sọ.

Ká ní ẹgbẹ́ kan kó kíréètì ẹyin 300 sínú ọkọ̀ ní Ifọ̀ láàárọ̀. Wọ́n kà á, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní Èkó, kíréètì 288 ni wọ́n rí kà. Kíréètì 12 ti lọ, ẹyin 360 nìyẹn. Dírẹ́bà ní òun kò mọ nǹkan kan. Ọmọ ọkọ̀ búra. Ẹni tó kó ẹrù sọ́kọ̀ ní òun kò ṣì í kà. Ta ni kí ẹgbẹ́ mú? Níbi púpọ̀, inú owó iṣẹ́ dírẹ́bà ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ó jalè, ì báà jẹ́ pé kò jalè. Bó bá ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹta, dírẹ́bà tó dára á lọ, èyí tí ń jalè gan-an lè wà níbẹ̀.

Oríṣi àgádágodo kan wà nísinsìnyí tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó jọ àgádágodo ńlá tí a fi ń ti ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ara rẹ̀ nípọn jù ú lọ, nítorí pé ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀: èyí tí ń mọ ibi tí ó wà, èyí tí ń ránṣẹ́ bíi fóònù, àti bátìrì tí ń fún wọn lágbára. Kí n sọ ọ́ ní tààrà: kò lè dá olè dúró ju bí àgádágodo líle mìíràn ti lè ṣe lọ. Ẹni tó bá ní ayùn irin àti àyè á gé e. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́rìí. Ó ń sọ wákàtí tí a ṣí ìlẹ̀kùn, ibi tí ọkọ̀ wà nígbà náà, àti káàdì tí a fi ṣí i. Bí wọ́n bá gé ọrùn rẹ̀, ó ń fi igbe ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹ̀rí yìí, kí ó fi owó rẹ̀ ra oúnjẹ adìẹ.

Báwo ló ṣe ń mọ ibi tí ó wà? Àwọn ará Amẹ́ríkà ní sátẹ́láìtì tí ń yí ayé ká ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 lókè orí wa, ètò náà kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 24. Òun ni wọ́n ń pè ní GPS. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde àkókò àti ibi tí òun wà láìsinmi. Bí àgádágodo bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn, yóò ṣírò bí ohùn kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, yóò sì fi mọ ibi tí òun wà. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohùn yìí rú fún ẹni tí kì í ṣe ológun; láti ìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ni àwa ará ìlú ti lè fi mọ ibi tí nǹkan wà láìfi ju mítà díẹ̀ ṣì í. A kì í san kọ́bọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan yé yín níbí, torí pé òun ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Sátẹ́láìtì kò rí ọkọ̀ yín, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Àgádágodo ló mọ ibi tí òun wà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ló sì fi ń sọ ọ́ fún yín. Bí ọkọ̀ bá wọ ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí, ibi tí ó wà gbẹ̀yìn ni ẹ ó máa rí lórí fóònù, bí ẹni pé ó dúró síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àkókò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó pariwo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́jú ohun tí wọ́n rí, wọn á sì kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dé.

Nǹkan yìí kì í ṣe ìtàn àlọ́. Ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ẹrù tó bá sọ̀ ní èbúté Mombasa ní Kẹ́ńyà máa ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sí Ùgáńdà àti Rùwáńdà. Àwọn kan máa ń já ẹrù náà sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà láìsan owó orí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù á wá máa tẹ̀ lé ọ̀wọ́ ọkọ̀, ẹrù á sì pẹ́ kó tó dé. Ní ọdún 2017, àwọn ilé iṣẹ́ agbowó-orí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta da ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń fi èdìdì oníná tó ní GPS sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wò ó ní Nairobi, Kampala àti Kigali. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí dì mú nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: wọn kò fi mọ sí èdìdì. Wọ́n tún fi àwọn òṣìṣẹ́ sójú ọ̀nà tí yóò sáré lọ sí ibi tí igbe ti wá.

Irú ẹrù wo ni ó yẹ? Ọkọ̀ tó ní ilé irin àti ìlẹ̀kùn ni: ọkọ̀ ẹyin, ọkọ̀ adìẹ dídì, ọkọ̀ oúnjẹ adìẹ, ajílẹ̀ tàbí kòkó tí a kó sínú kọ̀ǹténà. Gàárì tàbí ata tí a kó sórí lọ́rì tí a fi tapólì bò, níbo ni ẹ fẹ́ kọ́ àgádágodo sí? Olè á fi ọ̀bẹ ya tapólì. Kódà lára ọkọ̀ onílé irin, ẹ wo irin tí ìlẹ̀kùn fi so mọ́ ara ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bóòtù tí sípánà lè tú níta ni wọ́n fi dè é, wọn á gbé ìlẹ̀kùn kúrò, àgádágodo á sì máa sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó irin náà pọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Bí ẹ bá wá rà á, ẹ má kánjú gbé e kọ́ ara ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi sí iná títí bátìrì yóò fi kún. Ẹ wá káàdì SIM tí a ti so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti pàṣẹ ní ìparí ọdún 2020. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè pa á mọ́ yín lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ ki SIM náà bọ inú fóònù, kí ẹ fi pe ènìyàn, kí ẹ wò bóyá dátà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ní nọ́ńbà àṣírí tí ń béèrè kó tó ṣí, ẹ yọ ọ́ kúrò, torí pé àgádágodo kò ní ọwọ́ tí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dára lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ni kí ẹ yàn, kì í ṣe èyí tó dára nílé alága. Ẹni tó gba Sàngó-Ọ̀tà wọ Èkó, àti ẹni tó gba Papalanto já sí Ṣágámù kó tó gba Mowe àti Ibafo wọlé, ọ̀nà wọn kò jọra. Ẹ bi dírẹ́bà léèrè ibi tí fóònù rẹ̀ ti máa ń dákẹ́.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tó ki SIM bọ̀ ọ́. Ó kù kí ẹ sọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní APN, àti àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí yóò máa jíṣẹ́ fún. Lára ọ̀pọ̀ wọn, àtẹ̀jíṣẹ́ ni a fi ń ṣe é, ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sì wà nínú ìwé tó bá a wá. Àmì kan ṣoṣo tí a ṣì kọ, kò ní dáhùn. Ẹ ní kí ẹni tó tà á ṣe é lójú yín, kí akọ̀wé máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ yí nọ́ńbà àṣírí tó bá a wá padà, torí pé gbogbo ẹni tó ní irú ìwé yẹn ló mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí áàpù inú fóònù, kí ẹ sì fi àwọn káàdì tí yóò máa ṣí i hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbé e sí ìta gbangba, kì í ṣe abẹ́ páànù, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ tì í, kí ẹ fi káàdì ṣí i, kí ẹ wò ó bóyá fóònù sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fún ọlọ́kadà, kó gbé e dé Papalanto kó sì gbé e padà wá. Bí ọ̀nà tó gbà bá hàn lórí fóònù, ó tó gbé kọ́ ara ọkọ̀. Ìta ìlẹ̀kùn ni yóò wà o. Inú ilé irin kò ní gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì.

Áàpù náà máa ń jẹ́ kí ẹ fa ọgbà yí ibì kan ká lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹ fa ọgbà kan yí ibi tí ẹ ti ń kó ẹrù ká, kí ẹ fa òmíràn yí ọ̀dọ̀ oníbàárà ká. Bí wọ́n bá ṣí i láàárín ọgbà méjèèjì, yóò ké. Ẹ má fa ọgbà náà fún jù: bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú ọkọ̀ ní Mowe ní àkókò ìpàdé ńlá ìjọ, tí dírẹ́bà sì yà gba ọ̀nà mìíràn, igbe tí kò nídìí á pọ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ọ á sì pa fóònù tì.

Ta ni yóò wá máa ṣọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ ibí yìí ni kí ẹ fi ìpàdé ẹgbẹ́ kan jíròrò lé lórí. Lójú tèmi, ẹni méjì ni kí ó ní áàpù náà, kí wọ́n má jẹ́ ará ilé kan náà. Káàdì kan wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kó ẹrù, ọ̀kan lọ́wọ́ oníbàárà tàbí aṣojú ẹgbẹ́ ní Èkó. Kí dírẹ́bà má ní káàdì rárá. Ààbò tirẹ̀ nìyẹn. Bí kíréètì bá dín nígbà tí àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé a kò ṣí ìlẹ̀kùn lójú ọ̀nà, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti kà á, ẹ má fọwọ́ kan owó dírẹ́bà. Ẹ sọ fún dírẹ́bà ṣáájú pé ẹ̀rọ ń wo ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà, kò sì dára kí a máa ṣọ́ ènìyàn ní kọ̀rọ̀.

Bí igbe bá dún, dírẹ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bí kò bá gbé e, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ibi tí àgádágodo sọ mu, ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ẹ sọ ibi tí ọkọ̀ wà àti nọ́ńbà ara rẹ̀. Ẹ má ran àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ lọ bá olè lóru. Ẹyin ni ẹ ń wá, ẹ má fi ẹ̀mí ènìyàn dí i.

Owó rẹ̀ kò tán níbi rírà. Dátà wà, owó ọdọọdún ti áàpù wà, bátìrì náà á sì di ogbó. Bí ẹrù bá dá wọ́ọ́rọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ máa gba iná sí i, kí ẹ máa fi SIM rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè gba nọ́ńbà tó bá pẹ́ láìṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ kékeré méjì tàbí mẹ́ta tí ọjọ́ ọjà wọn kò bọ́ sí ara wọn lè jọ ra ọ̀kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú rúlà lọ sídìí ọkọ̀, kí ẹ wọn ihò irin ìlẹ̀kùn náà, torí pé ọrùn àgádágodo yìí ki ju ti èyí tí ẹ ti ń lò lọ.