Àwo Wo Ni Ó Yẹ Kí Olùbẹ̀rẹ̀ Gọ́ọ̀fù Aláwo Kọ́kọ́ Rà?

Gọ́ọ̀fù aláwo, tí a mọ̀ káàkiri àgbáyé sí disc golf, ni eré ìdárayá tí a ti ń ju àwo rọ́bà láti ojú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi wọ inú agbọ̀n irin. Ẹni tí iye ìjù rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Ará Amẹ́ríkà kan, Ed Headrick, ni ó dá ẹgbẹ́ PDGA tí ó ń ṣàkóso eré yìí sílẹ̀ ní ọdún 1976. Kò gba koríko gígé kúnná bíi ti gọ́ọ̀fù tí a mọ̀. Kí agbọ̀n irin tó dé, igi àti òpó ni àwọn òṣèré ń fojú sùn. Nítorí náà, pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlobùú tàbí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, pẹ̀lú igi máńgòrò mélòó kan, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àwo fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. Kì í ṣe ohun tí ó wọ́pọ̀ lórí àtẹ ní ọjà wa. Òkè òkun ni a ti sábà máa ń rà á. Bí ọ̀dọ́ kan bá rówó ra ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó sì ṣì í rà, àwo náà yóò máa já sílẹ̀ kí ó tó rìn jìnnà, òun yóò sì rò pé apá òun ni kò lágbára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pa eré náà tì, nígbà tí ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ẹni tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá fa àwo kọjá àyà rẹ̀ kí ó tó jù ú, àwo náà yóò máa yí bí ọwọ́ agogo ṣe ń yí. Nígbà tí ìyára rẹ̀ pọ̀, ó fẹ́ yà sí ọ̀tún. Bí ìyára náà ti ń dínkù, yóò ré sí òsì. Òdìkejì èyí ni ti ọlọ́wọ́ òsì. Nọ́ńbà mẹ́rin ni a sábà máa ń fi ṣàpèjúwe àwo: ìyára tí ó ń béèrè, bí ó ṣe ń pẹ́ lófuurufú, bí ó ṣe ń yà sí ọ̀tún, àti bí ó ṣe ń ré sí òsì níkẹyìn. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ó bá jẹ́ -1, -2 tàbí -3, àwo náà rọrùn láti yà. Òun ni wọ́n ń pè ní understable.

Apá olùbẹ̀rẹ̀ kò tíì yára. Bí ó bá ju Roc, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4, 4, 0, 3, kíá ni yóò ré sí òsì. Ṣùgbọ́n Stingray, tí tirẹ̀ jẹ́ 4, 5, -3, 1, yóò kọ́kọ́ yà díẹ̀ sí ọ̀tún kí ó tó padà, yóò sì rìn jìnnà sí i. Mako3, 5, 5, 0, 0, wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ń lọ tààrà bí ìjù bá mọ́. Ní tiwa, -1 tàbí -2 ni a fẹ́ràn jù fún ẹni tí yóò ra ẹyọ kan, nítorí pé bí apá bá ti ń le, èyí tí ó jẹ́ -3 lè dojú kọ ilẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwo tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 12 wọ̀ yín lójú. Àwo ìjìnnà àárín, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 4 tàbí 5, ni ó rọrùn láti dì mú. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: òfin PDGA kò gbà ju giráàmù 8.3 lọ fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ìbú àwo, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi giráàmù 180 fún àwo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21.7. Ọmọdé kò nílò èyí tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Giráàmù 150 sí 165 yóò tètè gbọ́ràn sí i lọ́wọ́.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú máa ń mú kí irú àwo yìí yà kọjá ààlà. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ nígbà ìdánrawò.

Ní ti ibi ìṣeré, a kò gbàgbé òfin kónílé-ó-gbélé tí ìjọba kéde ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹrín-Ọ̀ṣun ní ọdún 2025 nítorí aáwọ̀. Ẹ má ṣe lo ilẹ̀ tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, kódà bí ó ṣófo. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ni pápá, kí ẹ sì rí i dájú pé kò sí ẹni tí ń kọjá níwájú kí ẹ tó jùwọ́.