Pílásítà Ojú Ọmọdé: Wákàtí Mélòó Ni Ó Tó?

Nínú àwọn àìsàn ojú tí ó ń bá ọmọdé jà, ọ̀kan wà tí òbí kì í tètè fura sí, nítorí pé ojú náà kì í pọ́n, kì í dun ọmọ, kì í sì í ṣomi. Amblyopia ni àwọn dókítà ojú ń pè é, ohun tí ó sì jẹ́ ni pé ojú kan kò ríran tó èkejì, kódà nígbà tí ọmọ bá ti wọ awò tí ó yẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni dókítà lè yẹ ẹyinjú náà wò tinú tòde kí ó má rí àbùkù kankan níbẹ̀. Inú ọpọlọ ni ìṣòro náà wà. Láti ìgbà tí a bá ti bí ọmọ ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń ríran, bí ojú kan bá sì ń fi àwòrán tí kò mọ́ ránṣẹ́ sí i, yálà nítorí pé agbára ojú méjèèjì yàtọ̀ púpọ̀ sí ara wọn, tàbí nítorí pé ẹyinjú kan ń yà sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí èkejì ń wo iwájú, tàbí nítorí pé funfun ti bo ojú náà láti inú oyún, ọpọlọ yóò pa ojú yẹn tì, yóò sì gbára lé èyí tí ó dára. Ní Amẹ́ríkà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè tó 3 nínú 100. Ọmọ náà kì í ráhùn, torí ojú kan ti ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá fọwọ́ bo ojú tí ó dára ni àṣírí máa ń tú.

David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1981, ni wọ́n jẹ́ kí ìdí ọ̀rọ̀ yìí yé aráyé. Wọ́n rán ìpéǹpéjú kan pa fún ọmọ ológbò, nígbà tí wọ́n sì tú u lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹyinjú náà wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ tí ó yẹ kí ó máa dá a lóhùn ti kọ̀yìn sí i, wọ́n ti lọ dara pọ̀ mọ́ ojú kejì. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ológbò tí ó ti dàgbà, kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ìtọ́jú àìsàn yìí pẹ́ láyé ju ìmọ̀ nípa rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1743 ni Buffon, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti dábàá pé kí a máa bo ojú tí ó dára kí èyí tí ó lẹ̀ lè rí iṣẹ́ ṣe, ohun kan náà ni àwọn dókítà sì ń fi pílásítà ṣe títí dòní. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé fún ohun tí ó lé ní 200 ọdún, kò sí ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n tòótọ́ wọn iye wákàtí tí ó tó. Dókítà kan á ní kí ọmọ lo pílásítà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òmíràn á ní wákàtí díẹ̀ ti tó, kálukú sì ń tẹ̀ lé ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí a fi ojú tí kò ríran dáadáa rán lọ sí ilé ìwé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni ó ń jẹ ìyà àìmọ̀ yẹn.

Ọdún 1997 ni wọ́n dá Pediatric Eye Disease Investigator Group sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí PEDIG, tí owó ìjọba láti ọwọ́ National Eye Institute ń gbé ró, tí ó sì so ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ojú pọ̀ mọ́ ìwádìí kan náà. Nínú ìwádìí irú èyí, dókítà kì í yan ìtọ́jú fún ọmọ, òbí tí ó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà náà kì í yàn án; kèké ni a ń ṣẹ́, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń ṣẹ́ ẹ. Ó lè jọ àìbìkítà lójú ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi yíyàn lé dókítà lọ́wọ́, ọmọ tí ojú rẹ̀ burú jù ni yóò máa fún ní wákàtí tí ó pọ̀ jù, nígbà tí èsì bá sì dé, kò sí ẹni tí yóò lè sọ bóyá ìtọ́jú ni ó fa ìyàtọ̀ tàbí irú àwọn ọmọ tí a fún. Ibi tí àwọn dókítà kò bá ti mọ èwo ni ó dára jù ní tòótọ́ nìkan ni kèké bẹ́ẹ̀ ti tọ̀nà.

Wíwọn ojú ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà náà gba ọgbọ́n. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n lò fún àwọn ọmọ kéékèèké, H, O, T àti V, nítorí pé bí a bá yí apá ọ̀tún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí òsì, kò ní yí padà, nípa bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì kò ní ṣì í mú. A ó gbé káàdì tí lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, yóò sì máa fi ìka tọ́ka sí èyí tí ó jọ ohun tí ó rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí ó ń ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn kì í mọ ìtọ́jú tí kèké mú fún ọmọ náà, kí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ má bàa yọ́ wọ inú èsì.

Ní ọdún 2002, wọ́n gbé èsì àkọ́kọ́ jáde, lórí ọmọ 419 tí wọ́n ti pé ọdún mẹ́ta ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì pé méje. Wọ́n fi pílásítà wé oògùn atropine, tí a ń kán sí ojú tí ó dára kí ìríran rẹ̀ lè ṣú díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ojú tí ó lẹ̀ ti sún síwájú ní bí ìlà mẹ́ta lórí pátákó àyẹ̀wò ní ọ̀wọ́ méjèèjì, àǹfààní oògùn sì ni pé ọmọ lè já pílásítà dànù, ṣùgbọ́n kò lè já ohun tí a ti kán sí i lójú. Ní ọdún 2003, ìwádìí mìíràn fi hàn pé fún ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò le jù, wákàtí méjì lóòjọ́ ṣe dáadáa bí wákàtí mẹ́fà. Fún èyí tí tirẹ̀ le, wákàtí mẹ́fà ṣe dáadáa bí odindi ọjọ́. Ní ọdún 2006 ni wọ́n tún rí i pé awò nìkan, láìsí pílásítà rárá, wo ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin lọ sàn nínú àwọn ọmọ tí ìyàtọ̀ agbára ojú méjèèjì ni ó fa tiwọn.

Ṣùgbọ́n wákàtí tí dókítà kọ sínú ìwé kọ́ ni wákàtí tí ọmọ lò. Àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ pílásítà, tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìgbà tí ó wà lójú àti ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì ní kí ọ̀wọ́ kan lò ó fún wákàtí 6, kí èkejì lò ó fún 12. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 ni pé wákàtí 4.2 ni àwọn ti àkọ́kọ́ lò, àwọn tí a ní kí wọ́n lo 12 kò sì ju 6.2 lọ. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti mú ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó sójú kan kò ní bi ìdí rẹ̀ léèrè. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra gba ọ̀rọ̀ pé wákàtí méjì dọ́gba pẹ̀lú mẹ́fà, nítorí ó ṣeé ṣe kí méjèèjì sún mọ́ ara wọn lójú ọmọ ju bí wọ́n ti jìnnà síra wọn lórí ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán. Ìwádìí EuPatch, tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù lórí ọmọ 334, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2024, fi ọ̀sẹ̀ 18 tí ọmọ yóò fi wọ awò nìkan wé ọ̀sẹ̀ 3 péré, kí pílásítà oníwákàtí mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tí kò pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pílásítà, 67 nínú 100 ni ó ṣàṣeyọrí; nínú àwọn tí ó dúró pẹ́, 54. Géèmù orí ẹ̀rọ alágbèéká tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń retí pé yóò gba ipò pílásítà kò tíì dé ibẹ̀, nítorí pé nígbà tí PEDIG fi irú rẹ̀ kan wé wákàtí méjì pílásítà ní ọdún 2016, èsì rẹ̀ kò fi hàn pé géèmù náà dára tó pílásítà.

Ní ti ọmọ tí a kò tètè mú wá, ìwádìí ọdún 2005 lórí ọmọ 507 tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 7 sí 17 ta ko èrò àtijọ́ pé lẹ́yìn ọdún méje, ilẹ̀kùn ti tì. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 7 sí 12 tí a fi pílásítà àti atropine kún awò wọn, 53 nínú 100 ni ojú wọn sún síwájú ní ìlà méjì ó kéré tán, nígbà tí ó jẹ́ 25 láàárín àwọn aláwò nìkan. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú rí náà jàǹfààní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú púpọ̀ nínú gbogbo wọn kò ríran tó ti ẹgbẹ́ wọn síbẹ̀.